Tírélà àbí onítáyà-mẹ́wàá? Ohun tí mo rí lórí títì Kábbà

Onítáyà-mẹ́wàá ni tèmi. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹni tó ń wá ìdáhùn kíákíá má bàa kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó rí i. Mo ti wa náìnléfìn (Mercedes 911), mo ti wa tírélà, onítáyà-mẹ́wàá ni mo sì ń wà báyìí, láti Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogí lọ sí ibikíbi tí ẹrù bá ní ká lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ akẹ́rù fún iṣẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa yìí, àti ọ̀dọ́ awakọ̀ tó ń rò ó bóyá kí òun bọ́ sórí tírélà, tìtorí àwọn ni mo ṣe kọ èyí. Àwọn ọmọ gáréèjì wa máa ń bá mi jiyàn. Wọ́n á ní, "Bàbá, orí tírélà lowó wà." Òótọ́ ni, owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ta ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tí à ń sọ. Tírélà tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí orí rẹ̀ dá dúró, tí ara rẹ̀ náà dá dúró, tó jẹ́ pé irin kan ṣoṣo tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ara ló bọ́ sínú ihò tó wà lẹ́yìn orí, tó so wọ́n pọ̀. Orí lè yà sọ́tùn-ún kí ara ṣì máa wo iwájú. Ọkọ̀ kejì ni èyí tí orí àti ara rẹ̀ jọ wà lórí ṣaasí kan náà: onítáyà-mẹ́fà bíi náìnléfìn, onítáyà-mẹ́wàá bíi tèmi, títí kan típà oníyanrìn. Ibi tí orí bá kọjú sí ni gbogbo ọkọ̀ ń lọ.

Ẹrù ló ń mú kí àwọn olówó fẹ́ràn tírélà, n ò sì ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50, àpò 20 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Àwọn tírélà tí ẹ ń rí tó ń jáde ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbàjànà ń gbé 600 àpò, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30. Àwọn mìíràn ń gbé 900, tọ́ọ̀nù 45 nìyẹn. Onítáyà-mẹ́wàá tèmi, bí mo bá ti di 300 àpò sí i, mo ti mọ̀ pé ẹrù wà lẹ́yìn mi. Awakọ̀ kan náà ni, ọmọ ọkọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. Bí wọ́n bá lè gbé ìlọ́po méjì ẹrù, owó ọkọ̀ tó máa kan àpò kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀, èrè olówó ọkọ̀ á sì gòkè. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù láti ẹnu géètì kan lọ sí dípò ńlá kan, tí títì tó dáa wà láàárín méjèèjì, kò sí ohun tó fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀-bàtà 40 àti irin ìkọ́lé gígùn: tírélà ló ni wọ́n.

Ọ̀nà wa níbí sì ti fi ojú rere wo tírélà láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ọbàjànà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007. Títì onísìmẹ́ńtì tí Dangote ṣe láti Ọbàjànà wá sí Kábbà, kìlómítà 43, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbàgbé oore. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ lè jókòó sórí jíà kan kí ẹ máa gbọ́ ohùn táyà lórí kọnkéré, kò sí ihò, kò sí gbígbọ̀n. Lórí irú títì bẹ́ẹ̀, tírélà ni ọba. Àga rẹ̀ ń fi afẹ́fẹ́ gbé awakọ̀ sókè sódò, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn àga, ẹ́ńjìnnì ń fa ẹrù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Àmọ́ títì yẹn parí sí Kábbà, iṣẹ́ tèmi kò sì parí síbẹ̀. Ẹrù wa ń bẹ ní Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ́, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, ní Ẹ̀gbẹ̀, ó sì ń bẹ ní àwọn oko tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Iṣu ni, kajú ni, pákó ni, gàrí ni. Àwọn tó ni ẹrù náà kì í kó o wá pàdé ọkọ̀ lójú títì, ọkọ̀ ló ń lọ bá wọn nílé. Láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún tí kajú ń já, ẹ óò rí i pé àpò á wà níwájú ilé ìyá àgbà kan, á wà nínú búkà kan, á tún wà ní ìdí igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ tó bá lè wọ gbogbo ibẹ̀ ló máa gba ẹrù.

Kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń wí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn tírélà wọ ilé ìkó-kajú-sí tó wà ní àárín ìlú. Ilé wà lápá òsì, gọ́tà wà lápá ọ̀tún, ọ̀nà kò ju ohun tí ọkọ̀ méjì lè fi kọjá lára wọn lọ. Ẹ óò kọ́kọ́ kọjá géètì náà, ẹ óò wá fi ríváàsì sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ sí ọ̀tún, ọwọ́ òsì lẹ óò yí sitiárì sí. Bí ìdí bá ti ń lọ, ẹ ní láti tètè yí i padà kí orí lè tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́, ara á ti ká jù, kò sí ohun tó kù ju kí ẹ fà á síwájú kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti yí i, dígí kan ṣoṣo ló ń wo ẹ̀yìn. Èyí tó kù ń wo ògiri ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ á máa pariwo, "Máa bọ̀, máa bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó tó!" Àwọn ọlọ́kadà á máa fọn fèrè, ọmọ ilé-ìwé á fẹ́ gba ẹ̀yìn kọjá, ẹnì kan tí kò wakọ̀ rí á máa juwọ́ pé kí ẹ ṣe báyìí. Tírélà á máa ṣe bíi màlúù tí kò fẹ́ wọ ọgbà. Pẹ̀lú onítáyà-mẹ́wàá, ibi tí mo bá yí ọwọ́ sí ni ìdí ń lọ, dígí méjèèjì ń ríran, ó sì tán. Mo ti rí àwọn awakọ̀ tírélà tó mọṣẹ́ débi pé wọ́n ń fi ẹ̀yìn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí wọ́n lò níbẹ̀, olówó ọkọ̀ kò sanwó rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tí kò wa tírélà rí kì í gbàgbọ́: tírélà mọ kọ́nà yà ju ọkọ̀ gígùn oníṣaasí-kan lọ. Nítorí pé ó ń ká ní àárín, orí lè yí pátápátá kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Onítáyà-mẹ́wàá tí ara rẹ̀ gùn, ó di kí a yà, ká padà sẹ́yìn, ká tún yà. Ibi tí tírélà ti ń dá wàhálà sílẹ̀ ni pé táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gba ibi tí orí gbà, ó máa ń gé kọ́nà wọ inú. Ẹ wo ojú kọ́nà èyíkéyìí tó sún mọ́ ọjà ní Kábbà, ẹ óò rí ẹnu gọ́tà tó ti ya àti òpó tó ti tẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ló ṣe é. Awakọ̀ rẹ̀ ti lè dé iwájú kó tó mọ̀ pé òun fara kan nǹkan.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bíréèkì, nítorí òun ló jẹ́ kí n padà sórí ọkọ̀ kékeré. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ olókè. Láti Ìyámoyè lọ sí Òmùò-Èkìtì, gígun àti sísọ̀kalẹ̀ ni. Ẹrù tọ́ọ̀nù 45 tó bá ń sọ̀kalẹ̀, bíréèkì kò lè dá a dúró fúnra rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, á gbóná, ẹ óò máa gbọ́ òórùn rẹ̀, nígbà tó bá sì ti gbóná kọjá ààlà, kò ní mú mọ́, bó ti wù kí ẹsẹ̀ yín wúwo tó. Ohun tó yẹ ni kí ẹ ti fi jíà kékeré sí i kí ẹ tó débi tí ilẹ̀ ti ń dà, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa di ọkọ̀ mú, kí bíréèkì wà fún ìrànlọ́wọ́. Jíà tí ẹ óò fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Àwọn kan ń ṣe òdìkejì. Wọ́n á fa jíà sí fíríì kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí dísẹ́lì lè ṣẹ́kù, kí wọ́n lè rí nǹkan tà. Ó dùn mí dọ́kàn. Dísẹ́lì kéékèèké yẹn ni wọ́n fi ń ta ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Gbogbo wa la mọ Félélé ní Lọ́kọ́jà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, tánkà epo kan tí bíréèkì rẹ̀ já wọ àárín àwọn ọkọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀, iná sì sọ. Ó ju 20 ènìyàn lọ tó kú, ọmọ ilé-ìwé wà nínú wọn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má ṣe bu epo sí tánkà tó ń gbé ju lítà 60,000 lọ mọ́, mo sì ti ọwọ́ méjèèjì sí i. Ẹni tó bá rò pé wọ́n ń dí òun lọ́wọ́ jẹ, kó lọ dúró sí Félélé lówùúrọ̀ kó wo bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ kékeré náà ń pàdánù bíréèkì, mi ò sọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun tí tọ́ọ̀nù 15 máa wó, kì í ṣe ohun tí tọ́ọ̀nù 45 máa wó.

Bí tírélà bá sì ṣófo pàápàá, ẹ má sinmi. Òjò àkọ́rọ̀, títì ń yọ̀, ẹ tẹ bíréèkì lójijì: táyà orí lè dè pinpin kí ara tó wà lẹ́yìn máa tì í bọ̀. Orí á yà, á ká mọ́ ara, ilẹ̀kùn yín á máa wo ògiri ọkọ̀ yín. Ó ṣojú mi rí níwájú, lórí ọ̀nà Òkéné, òfìfo ni ọkọ̀ náà. Awakọ̀ jáde láàyè, a dúpẹ́. Oníṣaasí-kan lè yọ̀, ó lè ṣubú, ṣùgbọ́n kò lè ká mọ́ ènìyàn lórí.

Bí ẹ bá sì máa wa tírélà náà, ẹ wà á bí wọ́n ṣe ń wà á. Nígbà tí orí bá bọ́ sábẹ́ ara, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìró "gbàgà" tí ẹ gbọ́. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀, ẹ wò ó pé ẹnu irin ti pa mọ́ ọrùn tó wọ inú rẹ̀, kò sí àlàfo láàárín. Ẹ so túùbù afẹ́fẹ́. Ti pupa ló ń tú bíréèkì ẹ̀yìn sílẹ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn á dè fúnra rẹ̀, ààbò ni wọ́n ṣe é fún. Mo ti rí ọmọ ọkọ̀ tó fi rọ́bà àti wáyà tì í kí ọkọ̀ lè máa lọ, inú bí mi débi pé mo bá olówó ọkọ̀ wí. Ẹ ká ẹsẹ̀ tírélà sókè tán. Lẹ́yìn náà, kí bíréèkì ara wà ní dídì, ẹ fi jíà kékeré fà á díẹ̀. Bí orí bá yọ, ó sàn kó yọ nínú ọgbà ju lórí òkè lọ.

Owó ńkọ́? Owó tíríìpù awakọ̀ tírélà pọ̀ ju tiwa lọ, ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti jàre nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye alẹ́ tí wọ́n fi ń sùn nínú ọkọ̀. Ní àwọn ọdún tí ìlà ọkọ̀ ní èbúté Apápá ní Èkó burú, kí ìlànà ìpè orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, awakọ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ lórí afárá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, wọ́n á tún sanwó fún ẹni tó máa ṣọ́ bátìrì. Olówó ọkọ̀ tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà náà kò fi kọ́bọ̀ kún owó mi nítorí dídúró. Tíríìpù ló ń san, ọkọ̀ tó dúró kò ṣe tíríìpù. Ìdí nìyí tí mo fi béèrè pé owó ta ni.

Lórí onítáyà-mẹ́wàá, mo lè kúrò ní Kábbà ní ìdájí, kí n já iṣu sí Ìlọrin, kí n wá ẹrù àbọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹrù àbọ̀ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi. Ta ló ní tọ́ọ̀nù 30 tó ń lọ sí Mọ̀pà? Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àga 50 àti fìríìjì wà, ẹni tó ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà, ẹni tó ní ajílẹ̀ wà. Mo kó gbogbo wọn pọ̀, mo sì ń wálé. Ọ̀pọ̀ tírélà òfìfo ló ń kọjá wa padà sí Ọbàjànà, dísẹ́lì ń jó, kò sí àpò kan lẹ́yìn wọn.

Màmá kan tí mo ń bá kó kajú ní Ìsánlú bá mi sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá nígbà tí ẹnì kan fẹ́ fi tírélà bá a kó ẹrù lówó pọ́ọ́kú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó rẹ̀ dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n màá tún gba alábàárù láti ilé mi dé títì, màá gba ẹni tó máa ṣọ́ ọ, òjò á sì lè bá a níbẹ̀. Ìwọ máa bọ̀." Ẹ ò lè rí owó alábàárù yẹn nínú ìṣirò olówó tírélà.

Ti àtúnṣe kò gba àlàyé púpọ̀. Tírélà onítáyà-22 ni, mẹ́wàá lórí, méjìlá lára. Bí táyà ṣe wọ́n tó lónìí, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Àwọn orí tuntun ń lo kọ̀ǹpútà. Bí iná kan bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ní àárín igbó, mẹkáníìkì wa tó gbọ́n jù lọ á kàn máa wò ó. Náìnléfìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé ọkọ̀ tó ti jáde ní Jámánì láti 1959 ni, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà tí kò ní kọ̀ǹpútà kankan, mẹkáníìkì tó wà ní Kábbà lè tú u sílẹ̀ lábẹ́ igi kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí tí mo fi kúrò lórí rẹ̀ ni ẹrù tí àwọn ènìyàn ń dì lé e. 9 tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni tọ́ọ̀nù ọkọ̀ àti ẹrù pa pọ̀, 11 sì ni agbára ẹṣin 110. Tí ẹ bá yọ ìwúwo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kúrò, àpò sìmẹ́ńtì 100 ló tọ́ sí i. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń dì lé e ní gáréèjì. Onítáyà-mẹ́wàá wà láàárín: ó lágbára tó láti gun òkè, ó kéré tó láti wọ àdúgbò.

Ọ̀dọ́ tó bá ṣì fẹ́ tírélà, kó lọ gba ìwé àṣẹ tó tọ́. G ni ti tírélà. Ẹni tó ní E lè wa onítáyà-mẹ́wàá tèmi, kò lè fi wa tírélà, bó ti wù kó mọ̀ ọ́n wà tó. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ títí ọjọ́ tí ọ̀ràn á ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ra onítáyà-mẹ́wàá tokunbọ, kó má wo ọ̀dà. Kó wọ abẹ́ rẹ̀, kó fi ọwọ́ pa ṣaasí láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí, kó wá ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ irin. Ibi tí ọ̀dà bá ti tuntun ju ibi tó kù lọ, ibẹ̀ ni kó fi òòlù kan. Kó ka ewé sípíríìn lọ́tùn-ún àti lósì bóyá wọ́n bára dọ́gba. Kó tan ẹ́ńjìnnì, kó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kún, kó pa á, kó máa wo abẹ́rẹ́ rẹ̀: bó bá ń wálẹ̀ kíákíá láìtẹ bíréèkì, ó ń jò. Lẹ́yìn náà, kó ní kí wọ́n di ẹrù sí i kí wọ́n jọ gbé e gun òkè kan. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, kó kó owó rẹ̀ kó máa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.